Kí Ni Wọ́n Fi Mọ̀ Pé Kì Í Ṣe Tírélà?

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà wà lẹ́yìn ìlú Àkúrẹ́, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìta-Ògbólú, níbi tí àwọn òkúta ńláńlá ti yọrí láàárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́, tí àwọn tó ń fọ́ òkúta tà sì ti ń rí iṣẹ́ ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ní ọ̀sán gangan, láìsí ìkìlọ̀ kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọn a yin ẹ̀tù sínú àpáta, ilẹ̀ a sì mì. Ilẹ̀kùn a gbọ̀n, àwo a ró lórí ara wọn, lẹ́yìn náà, nígbà tí a bá ti rò pé ó ti parí, ìró náà fúnra rẹ̀ a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbòò, bí àlejò tó pẹ́ lọ́nà. Mo ti di géńdé kí n tó mọ̀ pé ó pẹ́ lọ́nà lóòótọ́: inú àpáta ni mímì náà gbà wá bá wa, ó sì ń rìn níbẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ìró tó gba inú afẹ́fẹ́ kò lè rìn ju nǹkan bíi mítà 340 lọ.

Ìyá mi máa ń gbé bàsíà omi kan sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Omi ìfọwọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n bí àwo bá ti ró, ojú omi yẹn ni màámi máa kọ́kọ́ wò. Bí omi bá ń gbọ̀n wẹ́wẹ́, tí kò tètè dákẹ́, á ní, "Tírélà ni." Bí ó bá fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìgbì kéékèèké sì sáré láti etí bàsíà dé àárín, á ní, "Òkúta ni," á sì jáde lọ wo ara ògiri bóyá ó ti tún sán sí i. Ẹ̀rọ tí aládùúgbò wa fi ń lọ àgbàdo ní àmì tirẹ̀ lójú omi, jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀. N kò rántí ọjọ́ kan tí ó ṣì í. (Ní ti ògiri tó sán, a kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.)

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà, pé àwọn ti gbọ́ ìgbì òòfà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì nígbà náà, bí mo ṣe ń kọ́ wọn títí di òní, inú mi sì dùn débi pé mo gbé ìròyìn náà lọ bá ìyá mi nílé ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé ihò dúdú méjì forí gbárí ní ọ̀nà jíjìn réré lójú ọ̀run, pé gbogbo ayé mì nígbà tí ìgbì rẹ̀ dé, Àkúrẹ́ náà kò sì gbẹ́yìn, àti pé ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà ni ó gbọ́ ọ. Ó fetí sí mi tán, ó ní, "Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe tírélà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí i pé, nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ti bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí kan ti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òun ni ó gbó jù, àti pé àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti lo ohun tó tó àádọ́ta ọdún láti wá ìdáhùn sí i.

Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní ìgbì òòfà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà lè ṣini lọ́nà. Kì í ṣe irin òòfà tó ń fa ìṣó mọ́ra ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe fífà tó ń mú kí kòkó tó pọ́n já bọ́ sílẹ̀, tó sì ń mú kí Ayé máa yí Oòrùn po. Ní ọdún 1915 ni Albert Einstein gbé àbá kalẹ̀ pé fífà yìí kì í ṣe okùn tí nǹkan kan fi so òmíràn. Ohun tó bá wúwo ni ó ń mú kí àyè àti àkókò tó yí i ká tẹ̀, ohun tó bá sì ń kọjá nítòsí a gba ọ̀nà tó tẹ̀ náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó fi kún un pé, bí àwọn ohun tó wúwo bá ń sáré yí ara wọn po, títẹ̀ náà kò ní dúró sójú kan. Á máa tàn kálẹ̀ bí ìgbì, ní eré ìmọ́lẹ̀, ibi tó bá sì gbà kọjá, á na àyè síhà kan, á sún un kì níhà kejì, á sì tún yí i padà. Ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà rẹ̀ á ga díẹ̀, á tín-ín-rín díẹ̀, lẹ́yìn náà á kúrú, á sì fẹ̀. Einstein fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì: ní ọdún 1936, òun àti Nathan Rosen kọ ìwé kan láti fi hàn pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò sí rárá, kí àṣìṣe inú ìṣirò náà tó hàn.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni bí ìgbì náà ṣe kéré tó. Èyí tó dé ní ọdún 2015 na apá ẹ̀rọ tó gùn ní kìlómítà 4, gígùn tó sì fi kún un jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 400 fífẹ̀ pírótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ pírótọ́ọ̀nù wà lára ohun tó wà ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí. Bí a bá fẹ́ kí nína náà tó ohun tí ojú lè rí, a ní láti ta okùn láti ibí yìí dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ tó sún mọ́ Oòrùn jù lọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń rin ìrìn ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Okùn náà látòkèdélẹ̀ kò ní gùn sí i ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. Eṣinṣin tó bà sí etí bàsíà ìyá mi ń mì í ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbà pé ó ṣeé gbọ́ ni Joseph Weber, ní Yunifásítì Maryland. Ní àwọn ọdún 1960, ó so òpó alumíníọ̀mù rọ̀, òpó tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ó lẹ ohun èlò mọ́ ọn lára tí yóò jẹ́rìí bí ó bá mì, ó sì ń retí kí ìgbì òòfà lù ú bí a ṣe ń lu agogo. Ó gbé ọ̀kan sí Maryland, ó gbé èkejì sí ìtòsí Chicago, tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000, kí ohun kan ṣoṣo tó kọjá lójú títì má baà lè mi méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1969, ó kéde pé òun ti gbọ́. Àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe irú òpó náà, wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Weber kò yí ohùn padà títí ó fi kú ní ọdún 2000. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ẹni tó tan ara rẹ̀ jẹ. Èmi kò lè bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo àwọn tó wá rí ìgbì náà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ibi méjì tó jìnnà síra wọn, bí òun ti ṣe é.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí kò ṣeé jà níyàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ọdún 1974, Russell Hulse àti Joseph Taylor lo awò rédíò ńlá tó wà ní Arecibo, ní Puerto Rico, nígbà náà, wọ́n sì rí òkú ìràwọ̀ kan tó ń pòyì bí òkòtó, tí òun àti òkú ìràwọ̀ mìíràn ń yí ara wọn po láàárín wákàtí tí kò tó 8. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì ń sún mọ́ra wọn, ní ìwọ̀n gan-an tí ìṣirò Einstein sọ pé ó yẹ kó rí bí ìgbì òòfà bá ń kó agbára wọn lọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1993. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn rí i pé owó ń dín nínú àpótí òun; ó mọ̀ pé olè wà nílé, ṣùgbọ́n kò tíì fojú rí i.

Ẹni tó kọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi rí i ni Rainer Weiss, tí wọ́n bí ní ìlú Berlin, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé sá kúrò ní Jámánì nígbà Hitler. Ní ọdún 1972, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, ó kọ ìjábọ̀ kan lórí bí a ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn ìgbì òòfà. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé ariwo ló fi ara balẹ̀ tò sínú rẹ̀: mímì ilẹ̀, ooru tó ń mú kí gbogbo ohun máa gbọ̀n, atẹ́gùn tó bá ṣẹ́kù nínú páìpù, títí dé orí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ń ti dígí sẹ́yìn bó ti ń bà lé e, ó sì ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe pọ̀ tó. Ó ti ka àwọn tírélà rẹ̀ tán kí ó tó lọ wá bàsíà. Òun, Kip Thorne àti Ronald Drever ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a ń pè ní LIGO lónìí, tí Barry Barish sì wá darí kíkọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà jẹ́ méjì: ọ̀kan wà ní Hanford, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ilẹ̀ tó gbẹ táútáú, èkejì wà ní Livingston, ní Louisiana, láàárín igbó igi páìnì, nǹkan bíi kìlómítà 3,000 sì wà láàárín wọn.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní apá méjì tó yà síra bí lẹ́tà L, apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kìlómítà 4. Ní igun tí apá méjèèjì ti pàdé, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí dígí kan tó ń jẹ́ kí ìlàjì rẹ̀ kọjá, tó sì ń darí ìlàjì kejì sí ẹ̀gbẹ́, ìlàjì kọ̀ọ̀kan a wá sáré lọ dé òpin apá tirẹ̀, a lu dígí, a sì padà. Dígí mìíràn tó wà ní ẹnu apá náà kì í jẹ́ kó tètè jáde. Á lọ, á bọ̀, ní nǹkan bí ìgbà 300, tó fi dà bí ẹni pé apá náà gùn ju kìlómítà 1,000 lọ. Ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ ìgbì, ó ní òkè, ó sì ní kòtò. Wọ́n wá to gbogbo rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé, nígbà tí ìlàjì méjèèjì bá padà pàdé, òkè ti ọ̀kan á bọ́ sínú kòtò ti èkejì, wọn á pa ara wọn rẹ́, ibi tí wọ́n ń ṣọ́ á sì ṣókùnkùn. Bí ìgbì òòfà bá kọjá, tó na apá kan, tó sì sún èkejì kì, òkè àti kòtò kò ní bá ara wọn mu mọ́, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á sì yọ. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó yọ nínú òkùnkùn yẹn ni gbogbo ohun tí a ń pè ní gbígbọ́.

Ìyókù iṣẹ́ náà, tí ó pọ̀ ju ti lésà lọ ní ojú tèmi, ni pípa ariwo lẹ́nu mọ́. Dígí kọ̀ọ̀kan tó wà nínú apá náà wúwo tó kílò 40, okùn tí wọ́n sì fi so ó rọ̀ jẹ́ fọ́nrán gíláàsì tí kò nípọn tó ìdajì mìlímítà, ìsorọ̀ náà sì jẹ́ ipele mẹ́rin, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Mo máa ń fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì mi pẹ̀lú òkúta àti okùn: bí ẹ bá di okùn mú, tí ẹ sì ń mi ọwọ́ yín pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, òkúta á máa tẹ̀ lé yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń mi ọwọ́ ní kíákíá, òkúta á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, bí ẹni pé kò mọ̀ pé ọwọ́ yín ń mì. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde títí ohun tó kù kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú tírílíọ̀nù lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n tún tò ohun èlò yí ká, èyí tó ń tẹ́tí sí ilẹ̀, èyí tó ń gbọ́ ìró inú afẹ́fẹ́, èyí tó ń wo iná mànàmáná, kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ́ ti ayé, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Igi tí wọ́n ń gé nínú igbó Livingston ń dà wọ́n láàmú, ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ń dà wọ́n láàmú, ìgbì òkun tó ń lu èbúté níbi tó jìnnà pàápàá ń dà wọ́n láàmú. Ní Hanford, ariwo kan ń wọlé tí wọn kò mọ orísun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ wo páìpù ìta tó ti di yìnyín, wọ́n rí ojú ibi tí ẹyẹ ti ṣá a: àwọn ẹyẹ ìwò, ìbátan kannakánná, ni òùngbẹ ń gbẹ, tí wọ́n ń ṣá yìnyín ara rẹ̀ jẹ. Ìyá mi fẹ́ràn apá yìí ju ti ihò dúdú lọ.

Wọn kò sì fọkàn tán ara wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn díẹ̀ tí wọ́n yàn fún un fi ìgbì ayédèrú sínú ẹ̀rọ náà ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi òtítọ́ rẹ̀ pamọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó kù fi oṣù mẹ́fà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ìwé tí wọn yóò fi kéde rẹ̀ tán, kí wọ́n tó péjọ ní oṣù Kẹta ọdún 2011 kí wọ́n sì gbọ́ pé ìdánwò ni. N kò mọ iye ènìyàn tó lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìbínú. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé, nígbà tí òótọ́ dé, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìdánwò mìíràn ni.

Ọjọ́ Ajé ni òótọ́ náà dé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tí aago wa níbí ń lu 10:50 òwúrọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ̀rọ méjèèjì ṣe tán ni, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Marco Drago, tó wà ní Hannover ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí i lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó sì ń wádìí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bóyá ẹnì kan ni ó fi ayédèrú síbẹ̀. Ìdáhùn ni pé rárá. Livingston ni ìgbì náà kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìdá 7 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó dé Hanford, ohùn kan náà ní ibi méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ nílò ìdá 10 láti ti ibi kan dé èkejì; kì í ṣe pé ìgbì náà sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ni ó ti wá, kò gba ọ̀nà tó lọ tààrà láti Livingston sí Hanford. Mo padà lọ sọ fún ìyá mi pé kò sí tírélà tó lè sáré láti Livingston dé Hanford láàárín àkókò yẹn, ó sì ní bóyá tírélà méjì ni, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ìyẹn náà ni wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kan, wọ́n sún un síwájú àti sẹ́yìn sí ti èkejì ní àìmọye ìgbà, kí wọ́n lè mọ iye ìgbà tí ariwo lásán yóò ṣèèṣì bá ara rẹ̀ mu bẹ́ẹ̀. Ìṣirò náà fi hàn pé kò lè ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún 203,000.

Ní ti ohùn náà, àwọn tó bá ń pọn omi ní Àkúrẹ́ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ń kún lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ohùn rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó kún, ó ń sáré gòkè, débi pé ènìyàn lè yí ojú sí ibòmíràn kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu ẹ̀rọ náà. Ìgbì yẹn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 35 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì gòkè dé nǹkan bí ìgbà 250 kó tó dákẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ihò dúdú méjì, òkú ìràwọ̀ ńlá tó ti wó sínú ara wọn tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè jáde nínú wọn, ni wọ́n ń yí ara wọn po, tí eré wọn sì ń le sí i bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra. Bí ẹni tó mọ̀ nípa ohùn ṣe lè sọ bóyá kẹ́ẹ̀gì ńlá ni tàbí kékeré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bí ohùn náà ṣe gòkè mọ ìwúwo wọn: ọ̀kan tó Oòrùn 36, èkejì tó 29, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n di ọ̀kan sì tó 62. Ẹni tó bá ro ó pọ̀ á rí i pé Oòrùn mẹ́ta ti dínkù. Àwọn mẹ́ta yẹn ni ó di ìgbì.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà débi pé ìgbì náà rin ìrìn bílíọ̀nù ọdún 1.3 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kó àwọn ọmọ lọ gun òkè Ìdànrè, mo máa ń rán wọn létí pé àpáta tí wọ́n ń gùn yẹn, tó dà bí ohun tí ó ti wà kí ìbẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kò ju nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ìgbì náà ti rìn ju ìlàjì ọ̀nà lọ kí òkè Ìdànrè tó di òkúta.

Lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, tí òkú ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì, irú èyí tí Hulse àti Taylor rí, forí gbárí ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rin ìrìn 130 mílíọ̀nù ọdún kó tó dé ibí. Ẹ̀rọ kẹta, Virgo, tó wà lẹ́bàá ìlú Pisa ní Ítálì, ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan. Dídákẹ́ rẹ̀ ni ó là wọ́n lójú, nítorí pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìhà díẹ̀ lójú ọ̀run tí etí rẹ̀ di sí, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ìhà yẹn ni ìgbì náà ti wá. Awò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yí sí ibẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́ ní Chile, wọ́n ti rí iná tuntun kan nínú ìsọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní NGC 4993. Ìmọ́lẹ̀ náà fi hàn pé inú irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ ni a ti ń dá àwọn ohun tó wúwo bíi wúrà. Nígbà tí mo sọ èyí nílé, ìyá mi wo òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá iye tó tà á yóò lọ sókè nítorí ìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ ṣe tiwa. Fóònù ní ohun èlò nínú tó ń mọ̀ bí ó bá mì, a sì gbé ọ̀kan sórí tábìlì ìyá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, a gbé èkejì sí ilé ọmọ kíláàsì mi kan tó jìnnà sí ibi òkúta ju tiwa lọ ní kìlómítà 2. Ìṣirò wa ni pé mímì náà yóò kọ́kọ́ dé ilé wa, kó tó dé ti ọ̀hún lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n yin ẹ̀tù. Màámi ní, "Òkúta ni," kí ẹnikẹ́ni tó wo fóònù. Nígbà tí a kó àkọsílẹ̀ méjèèjì jọ, ohun tí wọ́n wí ni pé ilé tó jìnnà ni ó kọ́kọ́ mì, ó sì fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ ṣáájú tiwa. Aago fóònù méjì kì í bá ara wọn mu dáadáa. Àwọn tó ń ṣọ́ LIGO ń gba àkókò tiwọn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS, àwa kò rò ó dé ibẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi níwájú àwọn ọmọ. Ó fi ọwọ́ kan omi bàsíà rẹ̀, ó wo fóònù méjèèjì tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Èwo nínú wọn ló wá purọ́?"

Àwọn ọmọ yí ojú sí mi. A kò tíì mọ̀.